Bí Mo Ṣe Lọ Dákẹ́ ní Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin ará ilé mi ní Kétu, láti ọjọ́ tí mo ti dé lẹ ti ń bi mí pé báwo ni Èkìtì ṣe rí, èmi náà sì ń dá yín lóhùn pé ó dára. Ìdáhùn yẹn kò tó. Olùkọ́ ni mí, mo mọ̀ nígbà tí ọmọ bá fún mi ní èsì kúkúrú kí n lè fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an, títí kan apá tí ojú ń tì mí láti sọ.

Ẹgbẹ́ tó pè mí kò tóbi. Àwa tí à ń kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè Yorùbá jọ ni: àwọn olùkọ́ yunifásítì, àwọn olùkọ́ girama bí èmi, àti àwọn àgbà díẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Ọdọọdún la máa ń pàdé. Èmi nìkan ni mo ń ti ìhà ọ̀hún ààlà wá, láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, nítorí náà àyè àlejò ni mo máa ń jókòó sí, ó sì máa ń tẹ́ mi lọ́rùn. Kí n tó kúrò nílé, ọ̀gá ilé-ìwé mi pè mí sí yàrá rẹ̀, ó ní kí n lọ ire kí n bọ̀ ire, ṣùgbọ́n kí n má ti ẹnu bọ ọ̀rọ̀ ìlú onílùú. Mo ní mo gbọ́. Ọdún mẹ́ta ló kù kí n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Mo mọ ìdí tó fi sọ ọ́, mo sì mọ ohun tó ń dúró dè mí ní Adó.

Ilẹ̀ tó dìde

Ilẹ̀ tiwa tẹ́jú. Ẹni tó bá dúró lẹ́yìn ìlú wa lè rí ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kó sì ti mọ ẹni náà kó tó dé. Bí ọkọ̀ wa ṣe kọjá Iléṣà ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Lákọ̀ọ́kọ́ mo rò pé òjò ló ṣú níwájú, àfi ìgbà tí mo rí i pé igi wà lára òjò náà. Òkúta ni. Òkúta kan ṣoṣo, ó ga ju gbogbo ilé tí mo ti rí rí lọ, omi ń ṣàn lára rẹ̀ bí òógùn. A rọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, òmíràn tún yọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ pé ara òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti jáde. Mo ti kọ ọ́ sára pátákó láìmọye ìgbà. Ọjọ́ náà ni mo tó mọ ohun tí mò ń kọ.

Ọkùnrin tó jókòó tì mí gbọ́ bí mo ṣe ń dá sọ̀rọ̀, ó béèrè ibi tí mo ti wá. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó ní ọmọ Ìyìn lòun, pé ìlú yòówù tóun bá lọ, bóun bá ti la ẹnu báyìí, wọ́n á ti mọ̀ pé ará Èkìtì ni, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sín òun jẹ.

Ó ní, "Lónìí, mà, ẹ̀yin lẹ máa gbà á fún wa."

Òótọ́ ló sọ. Ní Adó, ọmọbìnrin tó fún mi lómi mú, mo fi Faransé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní mẹ́risì, kí n tó mọ ohun tí mo sọ. Ó kúnlẹ̀ ní tiẹ̀, ó ní òun kò gbọ́ èyí tí mo sọ, ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run gbọ́ ọ.

Ulé

Àdúgbò Òkè-Ìlá ni wọ́n fi mí wọ̀ sí, lọ́dọ̀ Màmá Bọ́sẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀. Ilé rẹ̀ kò tóbi, ó dúró sára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òrùlé aládùúgbò rẹ̀ bá fèrèsé rẹ̀ dọ́gba. Yorùbá ìwé ló ń bá mi sọ, ó mọ́ gaara bí ti orí rédíò, ṣùgbọ́n tó bá yíjú sí àwọn ará ilé rẹ̀, ilé á di ulé, iṣu á di uṣu, iṣẹ́ á di uṣẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú ìwé mi jáde. Ó ní kí n kọ́kọ́ jẹun, pé ọ̀rọ̀ kò ní sá lọ.

Iyán ni. Aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù. Nílé wa, ẹni tó bá gún iyán fún àlejò láàárọ̀, a ó bi í bóyá ó fẹ́ kí àlejò náà tún padà lọ sùn ni. Èyí funfun, kò ní kókó kankan, ó gbóná débi pé mo ní láti máa fẹ́ ọwọ́ mi. Ẹ̀fọ́ rírò àti ẹran ìgbẹ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí mo ṣe ń jẹ, àwọn aládùúgbò ń wọlé wá kí mi lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́. Kò sí èyí tó mọ̀ mí rí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan béèrè ọkọ mi, ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè ará Kétu lápapọ̀ bí ẹni pé ó ti sùn níbẹ̀ rí. Nígbà tí ẹni karùn-ún jáde, omi ti lé sí mi lójú. Mo ní ata ni.

Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, Màmá wá sọ fún mi pé ìpàdé ti ọdún yìí yóò le. Ó ní ọ̀rọ̀ Kọ́ládé ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ Kọ́ládé. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ni, kò tíì pé ogójì ọdún. Ó lo ọdún méjì ní abúlé kan, ó ń kó orúkọ ilẹ̀ oko wọn jọ lẹ́nu àwọn àgbà: àkùrọ̀, orí òkè, etí odò, gbogbo ibi tó ní orúkọ lẹ́nu wọn. Ó fi ẹ̀rọ gbà wọ́n sílẹ̀. Kó tó tẹ ìwé náà, ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní Kétu kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbọ́ ohùn àwọn arúgbó yẹn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Mo kọ ojú ewé kan pé iṣẹ́ náà pé, pé àwọn orúkọ náà ti pẹ́ lẹ́nu. Orúkọ mi wà lábẹ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìwé náà jáde ni àwọn kan fẹ́ gba ilẹ̀ abúlé náà fún iṣẹ́ ńlá kan. Wọ́n ní igbó lásán ni, kò ní ẹni tó ni ín. Àwọn ará abúlé bá gbé ìwé Kọ́ládé dìde: ẹ wò ó, igbó lásán kì í ní orúkọ báyìí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Kọ́ládé ní olóṣèlú. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ó pè mí lórí fóònù lóṣù náà. Mo rí orúkọ rẹ̀, mo jẹ́ kí ó dún tán. Ó tún pè. Mo fi fóònù náà sábẹ́ ìrọ̀rí. Kò pè mí mọ́. Èyí ni apá tí ojú ń tì mí láti sọ, ẹ̀yin ará ilé, ẹ ti gbọ́ ọ báyìí.

Ẹni tó kúnlẹ̀ kó tó jà

Gbọ̀ngàn kan ní àdúgbò Adébáyọ̀ la ti pàdé, lókè àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ariwo ọkọ̀ oríta ń wọlé láti ojú fèrèsé. Bàbá tó ń ṣe alága wa, ọmọ Ìgbẹ́mọ ni, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá Ìgbẹ́mọ ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló kọ òfin ẹgbẹ́ wa, òfin kan sì wà níbẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ lórí: ẹgbẹ́ yìí kò ní dá sí ọ̀rọ̀ òṣèlú.

Dókítà Tèmítọ́pẹ́ ló gbé àbá náà wá. Ọ̀dọ́ ni, kò ga, ohùn rẹ̀ ga. Ó rìn láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn wá síwájú, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì níwájú Bàbá, ó kí i tìdílé-tìdílé, Bàbá sì gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó wá dìde, ó yíjú sí wa, ó ní òfin Bàbá ti di aṣọ tí à ń fi bo ojú wa. Ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ ìwé sí ilé-ẹ̀kọ́ náà pé iṣẹ́ ìmọ̀ ni Kọ́ládé ṣe, kí wọ́n dá a padà.

Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Mo ti rí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà tí kò lè jiyàn. Mo ti rí ẹni tó ń jiyàn tó ti gbàgbé ọ̀wọ̀. Èyí fi méjèèjì jọ, kò sì sí èyí tó jẹ́ ẹ̀tàn.

Akọ̀wé wa, Dókítà Adéwùmí, ló dá a lóhùn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní abẹ́ ìjọba ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú wa ti ń jẹun. Tí a bá kọ ìwé lónìí fún ẹni tí a fẹ́ràn, lọ́la àwọn alágbára á ní kí a kọ fún tàwọn, a ò ní lẹ́nu láti kọ̀. Ó ní ẹgbẹ́ tó dákẹ́ yìí ló jẹ́ kí gbogbo wa lè jókòó sínú gbọ̀ngàn kan. N kò lè sọ pé kò gbọ́n. Ṣùgbọ́n ó wá fi èyí kún un pé, àti pé ta ló tilẹ̀ mọ̀ bóyá àwọn orúkọ náà jóòótọ́, àwọn kan ń sọ pé Kọ́ládé hùmọ̀ wọn fún àwọn àgbẹ̀ náà ni.

Kọ́ládé wà ní àga ẹ̀yìn pátápátá. Ó gbójú sókè wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún gbé e wálẹ̀. Mo di báàgì mi mú. Mo sọ fún ara mi pé àlejò ni mí. Bàbá Ìgbẹ́mọ ní kí a sun ìpinnu di ọjọ́ kẹta, ìpàdé túká.

Nílé, mo bi Màmá Bọ́sẹ̀ pé kí ló dé tí Bàbá fi di òfin yẹn mú tó bẹ́ẹ̀. Ó ní nígbà táwọn ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, òṣèlú wọ inú ẹgbẹ́. Àwọn kan ń dé fìlà ẹgbẹ́ òṣèlú wá sípàdé, ọ̀rẹ́ ò kí ọ̀rẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ kan, àwọn jàǹdùkú sun ilé tí wọ́n kó gbogbo ìwé wọn sí, nítorí wọ́n ní ẹ̀yìn ẹnì kan báyìí ni ẹgbẹ́ wà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kó jọ lẹ́nu àwọn àgbà tó ti kú jóná níbẹ̀.

Ó ní, "Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wú eérú náà títí di ọ̀sán. Kò rí ewé kan mú jáde."

Ìgbẹ́mọ

Lọ́jọ́ kejì, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, a lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó ni ín. Ìgbẹ́mọ ni a lọ, ìlú Bàbá. Ìrẹsì ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀. Mo ti jẹ ìrẹsì láti kékeré, n kò rí ibi tó ti ń hù rí. Ó tẹ́ rẹrẹ nínú àkùrọ̀, orí rẹ̀ ti ń wọ̀, atẹ́gùn ń fi ọwọ́ pa á síhìn-ín sọ́hùn-ún, àwọn ẹyẹ sì ń dìde lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni gbọn aṣọ. Mo dúró, mo wò ó títí wọ́n fi pè mí.

Obìnrin tó mú wa rìn nínú oko, Ìyá Dọlápọ̀, ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Bí a ṣe ń lọ ló ń dárúkọ ilẹ̀ fún wa. Ibì kan ń jẹ́ Omi-ò-gbẹ. Ibì kan ń jẹ́ Ẹ̀yìn Alágbẹ̀dẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó rántí alágbẹ̀dẹ náà mọ́. Ibì kan ń jẹ́ Ó-kọ̀-ó-dúró, nítorí ìyá ìyá ọkọ rẹ̀, tí wọ́n lé kúrò nígbà tó di opó, tó sì padà wá jókòó sórí ebè títí wọ́n fi fi í sílẹ̀. Gbogbo wa ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ó dúró, ó wo ọwọ́ wa tó ń sáré.

Ó bi mí, torí èmi ni mo sún mọ́ ọn jù, "Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, kí lẹ ń fi í ṣe?"

Mo ní à ń tọ́jú rẹ̀ ni, kó má baà sọnù.

Ó ní, "Tí ẹnì kan bá wá lọ́la, tó ní irọ́ ni mo pa, ilẹ̀ yìí ò lórúkọ, ṣé ẹ ó sọ fún un pé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi?"

Kò fi ṣe ẹ̀gàn. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Mo pa ìwé mi dé. Bàbá Ìgbẹ́mọ wà lẹ́yìn mi gan-an, mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. Òun náà pa tirẹ̀ dé.

Nílé Bàbá, wọ́n se ìrẹsì oko náà fún wa. Ó pọ́n díẹ̀, ó tóbi lẹ́nu, òórùn rẹ̀ jọ ti koríko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Mo gbé àwo mi lọ sí ìdí igi tí Kọ́ládé nìkan jókòó sí. Mo sọ fún un pé mo rí ìpè rẹ̀ nígbà náà, mi ò gbé e.

Ó ní, "Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Mo rò ó pé ẹ̀yin náà lọ́mọ."

Ó sún fún mi lórí àga. Àánú tó fi hàn mí yẹn wúwo lọ́kàn mi ju kó bú mi lọ.

Ìwé náà

Nígbà tí a padà sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ kẹta, mo na ọwọ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mo ní n kò wá sọ ẹni tó ni ilẹ̀ abúlé náà, n kò mọ̀ ọ́n. N kò wá sọ ohun tí ìjọba yẹ kó ṣe, ìlú mi kọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ nínú ilé yìí pé bóyá Kọ́ládé hùmọ̀ àwọn orúkọ náà. Èmi ni mo yẹ̀ wọ́n wò. Mo gbọ́ ohùn àwọn tó dárúkọ wọn, ọkùnrin àti obìnrin, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu. Òótọ́ ni wọ́n. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ láti ìjẹta, mo dákẹ́, ẹ forí jì mí. Mo sì jókòó.

Dókítà Adéwùmí dìde. Ó ní òun gbà á, òun kò ní sọ̀rọ̀ irọ́ yẹn mọ́ láé, ó sì tẹríba fún Kọ́ládé láti ibi tó dúró sí. Ṣùgbọ́n ó ní èrò òun lórí ìwé kíkọ kò yí padà.

Gbogbo ojú wá lọ sọ́dọ̀ Bàbá.

Ó ní, "Èmi ni mo kọ òfin yẹn, iná ló kọ́ mi. Mo kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹgbẹ́ yìí gun orí àga. N kò kọ ọ́ kí a lè máa sẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara wa."

Ó ní òfin náà á dúró bó ṣe wà, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí a ó yọ níbẹ̀. A kò ní sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ohun tí a mọ̀ nìkan la ó kọ: pé àwọn orúkọ náà jóòótọ́, pé ọ̀nà tí gbogbo wa ń gbà ṣiṣẹ́ ni Kọ́ládé gbà, pé ẹni tó bá jìyà nítorí rẹ̀, iṣẹ́ gbogbo wa ló jìyà. Tèmítọ́pẹ́ ní kò tó, pé ó yẹ kí a dárúkọ àwọn tó fẹ́ gba ilẹ̀. Bàbá ní òun mọ̀ pé kò tó lójú rẹ̀. A na ọwọ́ sókè. Àwọn tó gbà pọ̀ ju àwọn tó kọ̀ lọ. Adéwùmí wà lára àwọn tó kọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí ni mo ń rò lójoojúmọ́. Akọ̀wé ni Adéwùmí, iṣẹ́ akọ̀wé sì ni láti kọ ìwé. Ẹnì kan ní kí ẹlòmíràn bá a kọ ọ́, ó kọ̀. Ó jókòó sí ìdí tábìlì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Nígbà tó kà á sí wa létí, ariwo oríta tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó rọlẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó dín, kò sí ọ̀kan tó lé. Tèmítọ́pẹ́ ń sunkún. Ọkùnrin yìí fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ kọ ìwé tí kò fẹ́ kí a kọ, nítorí pé ẹgbẹ́ ló pinnu. Ó gbé e sórí tábìlì, kò fi orúkọ tirẹ̀ sí i, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó sì jáde. Àwọn méjì tẹ̀lé e; lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n kọ̀wé pé àwọn fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Adéwùmí kò kọ̀wé kankan. Mo gbọ́ pé ó ṣì ń ṣe akọ̀wé wa.

Bàbá ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, Màmá Bọ́sẹ̀ tẹ̀lé e. Nígbà tó kàn mí, mo kọ orúkọ mi lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, mo kọ iṣẹ́ mi, mo kọ Kétu.

Lẹ́yìn ìgbà náà

Mo mú ẹ̀dà kan lọ fún ọ̀gá ilé-ìwé mi fúnra mi kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó kà á tán, ó tún un kà. Ó ní, "Orúkọ yín nìyí." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi í sínú àpótí tábìlì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò mẹ́nu bà á, n kò sì mọ ohun tí yóò fi ṣe. Bí mo ṣe ń wọ ọgbà ilé-ìwé láràárọ̀, mo máa ń wo ojú rẹ̀.

Kọ́ládé pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo gbé e kí ó tó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ náà ti kọ̀wé pé ìwé wa tẹ àwọn lọ́wọ́, wọn ò tíì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ṣì wà nílé. Àwọn ará abúlé ti gbin iṣu ọdún yìí sórí ilẹ̀ náà. Wọ́n fi ebè mẹ́wàá sílẹ̀ fún òun níbi tí wọ́n ń pè ní Etí Àbàtà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lòun ń lọ ro ó.

Mo ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú tí n ó sọ. Ó ní kí n dúró ná, òun ń wá bíírò. Ó wá bi mí pé lọ́dọ̀ wa ní Kétu, ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kó sinmi, àmọ́ tí a ṣì ń padà bọ̀ wá dá lóko, kí ni orúkọ tí à ń pè é. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní kí n tún un pè díẹ̀díẹ̀. Mo tún un pè, mo sì ń gbọ́ bí bíírò rẹ̀ ṣe ń lọ lórí ìwé.